Ìtàn Alùfáà Cecil Earle Tyndale-Biscoe, Ẹni tí ó Fi Bọ́ọ̀lù Kọ́ Àwọn Ọ̀dọ́ ní Ìṣọ̀kan

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run Olódùmarè, ẹni tí ó dá ẹ̀mí wa sí láti rí ọgọ́rùn-ún ọdún Ìjọ wa. Ní irú àkókò báyìí, ó tọ́ kí a rántí àwọn tí ó ṣe làálàá nínú ọgbà Olúwa ṣáájú wa, kì í ṣe àwọn ti ilẹ̀ wa nìkan, ṣùgbọ́n àwọn ará wa ní ilẹ̀ òkèèrè pẹ̀lú. Ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí jẹ́ òṣìṣẹ́ Ẹgbẹ́ C.M.S., ẹgbẹ́ kan náà tí ó rán àwọn oníwàásù sí ilẹ̀ Yorùbá. Ilẹ̀ Kashmir ní Íńdíà ni ó ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ìdí tí a fi yàn án ni pé, ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn ọmọkùnrin Ìkirè àti Apòmù bá sáré lọ sí pápá, àwọn àgbà kan a máa bi ara wọn léèrè ohun tí ó kan Ìjọ Ọlọ́run kan bọ́ọ̀lù. Ìgbésí-ayé Alùfáà yìí lè dáhùn ìbéèrè náà.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejì ọdún 1863 ni a bí i ní Holton, ní agbègbè Oxford, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàdé ní London, tí wọ́n sì dá ẹgbẹ́ tí ó ṣe òfin bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a lè wí pé ọmọ náà àti eré náà jẹ́ ẹgbẹ́ ara wọn. Nígbà tí ó lọ sí ilé-ìwé Bradfield, ara rẹ̀ kéré, àwọn ọmọ tí ó dàgbà jù ú lọ sì fi ìyà jẹ ẹ́. Kò gbàgbé ìyà náà títí di ọjọ́ ogbó rẹ̀, láti inú rẹ̀ ni ìkórìíra rẹ̀ sí ìnilára ti wá.

Láti Bradfield ó lọ sí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Jesus ní Cambridge. Nítorí pé ó kéré, tí kò sì wúwo, a fi í ṣe ẹni tí ń jókòó sí ìdí ọkọ̀ eré-ìje, tí ń darí rẹ̀, tí ó sì ń ké sí àwọn mẹ́jọ tí ń wa àjẹ̀. Ní ọdún 1884 ó wà nínú ọkọ̀ Cambridge tí ó borí ọkọ̀ Oxford lórí odò Thames. Ibẹ̀ ni ó ti rí i pé bí ọkùnrin mẹ́jọ tilẹ̀ lágbára bí erin, tí olúkúlùkù bá ń wa àjẹ̀ ní àkókò tí ó wu òun, ọkọ̀ kò ní í lọ. Ní Cambridge ní ìgbà náà pẹ̀lú ni àwọn agbábọ́ọ̀lù ń kọ́ àṣà tuntun kan. Ní àtijọ́, ẹni tí ó bá rí bọ́ọ̀lù gbà a máa sáré lọ pẹ̀lú rẹ̀ ní òun nìkan títí a ó fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sí ẹlẹgbẹ́ wọn tí ó wà ní ipò tí ó dára jù, olúkúlùkù sì ń dúró sí ipò tirẹ̀.

A fi í joyè díákónì ní ọdún 1887, ó sì ṣiṣẹ́ láàárín àwọn tálákà Whitechapel ní London. Kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Ìdánwò a máa nira fún un. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ dòdò Ìkirè mọ̀ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ti pọ́n jù, tí ẹlòmíràn ìbá kó dànù, ni a fi ń dín in. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni Olúwa a máa lo ẹni tí ayé kò kà sí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1890, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 27, ó dé Srinagar, olú-ìlú Kashmir, láti ṣe olùkọ́ ní ilé-ìwé C.M.S. tí ó wà níbẹ̀.

Bí igba ọmọkùnrin ni ó bá nínú ilé-ìwé náà, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ọmọ Brahmin, ìdílé tí ó ga jù láàárín àwọn ẹlẹ́sìn Hindu. Wọn kì í ṣe ọmọ kékeré gbogbo; àwọn kan ti hu irùngbọ̀n, àwọn kan sì ti gbéyàwó. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń wá ni pé kí wọn yege ìdánwò, kí wọn sì rí iṣẹ́ ọba ṣe. Lójú wọn, ẹni tí ó bá fi ọwọ́ ṣiṣẹ́, tí ó bá sáré, tàbí tí ó bá wa ọkọ̀, ti tàbùkù ara rẹ̀. Bí iná bá ń jó ilé, tàbí bí ènìyàn bá ń rì sínú odò Jhelum, wíwò ni wọn yóò máa wò, nítorí ìrànlọ́wọ́ kì í ṣe iṣẹ́ ọmọ ọlọ́lá. Wọ́n ní ìwé lórí, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò lè fi ẹ̀yìn ti èkejì.

Ní ọdún 1891 Alùfáà wa lọ sí Bombay láti gbé ìyàwó rẹ̀, Blanche Violet Burges. Nígbà tí ó ń padà bọ̀, ó mú bọ́ọ̀lù aláwọ kan dání. Nígbà tí ó fi í han àwọn ọmọ ilé-ìwé, wọ́n béèrè ohun tí a fi ṣe é. Bí wọ́n ti gbọ́ pé awọ ni, wọ́n yí ojú kúrò, nítorí pé èèwọ̀ ni awọ ẹran jẹ́ fún wọn, ẹni tí ó bá sì fara kàn án ti di aláìmọ́. Ṣùgbọ́n ó sọ fún wọn pé ní ọ̀sán ọjọ́ náà wọn yóò gbá a.

A kó wọn lọ sí pápá. Wọ́n wọ ẹ̀wù gígùn tí ó fẹ̀ bí agbádá, wọ́n wọ bàtà onígi, àwọn kan sì gbé ìkòkò iná kékeré sábẹ́ ẹ̀wù nítorí òtútù. A pín wọn sí mọ́kànlá-mọ́kànlá, a fi olúkúlùkù sí ipò tirẹ̀. Nígbà tí a ní kí wọn bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tí ó mira. Nígbà náà ni olùkọ́ náà àti àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ yọ ọ̀pá, wọ́n sì lé wọn sínú eré. Lójijì bọ́ọ̀lù gbéra, bàtà onígi ń fò, láwàní ń já bọ́, gbogbo pápá sì di ariwo. Láàárín èyí, bọ́ọ̀lù gbá ọmọ kan lójú. Ó bú sẹ́kún, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì dúró pẹ̀lú ìpayà, nítorí pé awọ ti kan ojú ọmọ Brahmin. Olùkọ́ náà pàṣẹ pé kí wọn mú un lọ sí etí omi kí wọn sì wẹ ojú rẹ̀. Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n padà, eré sì ń bá a lọ.

A kò gbọdọ̀ fi òtítọ́ pamọ́: ọ̀pá ni a fi bẹ̀rẹ̀ eré náà. Àwa tí a ń kọ ìwé yìí kò yin ọ̀pá náà, a kò sì fẹ́ kí olùkọ́ kan ní àárín wa mú un ṣe àwòkọ. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, òsì ni a fi ń fà á mọ́ra, ẹni tí kò bá sì bọ̀wọ̀ fún ẹ̀sìn òbí ọmọ lè pàdánù ọmọ náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀pá ni ó mú eré náà dúró títí. Ohun tí ó mú un dúró ni pé olùkọ́ náà tìkára rẹ̀ kì í kúrò ní pápá, kì í sì í rán ọmọ sí ibi tí òun kò lè lọ. Ìbínú àwọn òbí rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn ọmọ tí a fi ipá lé sínú eré bẹ̀rẹ̀ sí í fi ayọ̀ wá, títí bọ́ọ̀lù fi di eré tí gbogbo Kashmir fẹ́ràn.

Láti orí pápá, ó mú ẹ̀kọ́ náà lọ sí ibi gbogbo. Ó kọ́ wọn ní wíwa ọkọ̀ àti ìwẹ̀ odò, ó sì fi owó ilé-ìwé kún ti ọmọ tí ó bá dàgbà láì mọ ìwẹ̀. Nígbà tí iná bá ṣẹ́ ní ìlú, àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ ni ó ń sáré lọ pa á. Nígbà tí onígbáméjì bá dé, wọ́n a gbá ìdọ̀tí òpópó. Nígbà tí odò bá kún, wọ́n a fi ọkọ̀ gba àwọn tí omi ká mọ́ là. Máàkì tí ó ń fún wọn kì í ṣe ti ìwé nìkan. Ó pín in sí mẹ́ta, ọ̀kan fún ara, ọ̀kan fún ọpọlọ, ọ̀kan fún ọkàn àti ìwà. Àmì ilé-ìwé náà jẹ́ àjẹ̀ méjì tí ó dábùú ara wọn: igi rẹ̀ dúró fún agbára, ẹnu rẹ̀ tí ó dà bí ọkàn dúró fún inú rere, dídábùú rẹ̀ sì dúró fún fífi ara ẹni rúbọ.

Síbẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣàìní ẹ̀dùn. Àwọn tí a batisí nínú àwọn ọmọ rẹ̀ kò pọ̀, àwọn kan nínú Ẹgbẹ́ tí ó rán an sì ń ṣiyèméjì bóyá iṣẹ́ oníwàásù ni ó ń ṣe. Ìbéèrè ńlá ni èyí, a kò sì fi ojú kékeré wò ó. Ìgbàgbọ́ tirẹ̀ ni pé bí ọmọ onígbéraga bá tẹ̀ba láti gbé aláìsàn tálákà sínú ọkọ̀, Kristi ti wà nítòsí rẹ̀. Ọdún tí ó lò ní Kashmir ju 50 lọ. Ní ọdún 1947 ó kúrò níbẹ̀ lọ sí Rhodesia ti Gúúsù, tí à ń pè ní Zimbabwe lónìí, ibẹ̀ ni ó sì ti sùn nínú Olúwa ní oṣù Kẹjọ ọdún 1949. Ilé-ìwé rẹ̀ wà ní Srinagar títí di òní, ó sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Kí ni èyí wí fún wa ní Ìkirè àti Apòmù? Àwa náà mọ ohun tí àìsí ìṣọ̀kan lè ṣe. Ní bí igba ọdún sẹ́yìn, ìjà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjà Apòmù di ogun Òwu, ogun náà sì ba ìlú púpọ̀ jẹ́. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Lórí pápá, ọmọ Ìkirè tí ó fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sí ọmọ Apòmù ti kọ́ láti gbẹ́kẹ̀lé e, irú ìgbẹ́kẹ̀lé bẹ́ẹ̀ kì í sì í tán nígbà tí eré bá parí.

Nítorí náà a bẹ ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ nínú Ìjọ: ẹ má ṣe jókòó sábẹ́ igi kí ẹ máa pariwo lé wọn, ẹ bọ́ sí pápá pẹ̀lú wọn. Ẹ kọ́ wọn bí a ti ń dá bọ́ọ̀lù dúró kí a tó gbá a, bí a ti ń gbé ojú sókè láti wá ẹlẹgbẹ́ ẹni, àti bí a ti ń padà sẹ́yìn láti ran aṣọ́lé lọ́wọ́ nígbà tí agbára ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹ má ṣe fi gbogbo ọjọ́ yin fún ọmọ kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, kí ẹ sì pa mẹ́wàá tì. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó kéré jù náà fi ẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù, nítorí pé ọmọ kékeré tí a ń fi ìyà jẹ ní Bradfield ni Ọlọ́run fi ṣe olùkọ́ Kashmir.

Kí Ọlọ́run tí ó ṣe olùrànlọ́wọ́ àwọn bàbá wa ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kọjá kí ó so ọwọ́ àwọn ọmọ wa pọ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ń bọ̀. Àmín.