Victor Anomah Ngu, oníṣẹ́ abẹ tó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀ ní Ọ̀rìtamẹ́fà

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnìkan ju ohùn kan sí gúrúùpù WhatsApp ẹbí wa. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ní òun ní àgbo tó ń pa jẹjẹrẹ, pé kí àwọn èèyàn sá fún kímò tí wọ́n ń gbà ní ọsibítù, nítorí májèlé ni. Kò pẹ́ ni ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń dá oko kòkó lẹ́yìn Akanran pè mí, wọ́n ní ṣé òótọ́ ni. Èmi kì í ṣe dókítà o, òfin ni mo kà. Mo dá wọn lóhùn pé òótọ́ ni, májèlé ni. Wọ́n dákẹ́. Mo wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má tíì pa fóònù, torí ìtàn ọkùnrin kan wà tí mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́. Májèlé yẹn ló fi wo ọmọ àwọn àgbẹ̀ bíi tiwọn sàn, níbí ní Ìbàdàn, kí wọ́n tó bí èmi.

Victor Anomah Ngu lorúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní 1926 ní Buea, ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè ńlá Kamẹrúùn. Nígbà náà, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣàkóso apá ibẹ̀, wọ́n sì ń darí rẹ̀ pọ̀ mọ́ Nàìjíríà. Ó ka sẹ́kọ́ńdìrì ní St. Joseph's College, Sasse. Nígbà tí wọ́n dá University College Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1948, ọdún yẹn gan-an ló wá síbẹ̀. Ó lọ parí ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní ọsibítù St. Mary's ní London, ó ṣe tán ní 1954, ó sì padà wá sí Ìbàdàn. Iṣẹ́ abẹ ló yàn. Ní 1957, wọ́n ṣí UCH, èyí tí àwa ará Ìbàdàn ń pè ní Ọ̀rìtamẹ́fà títí dòní.

Ní 1961, àwọn ará ilé rẹ̀ dìbò pé àwọn fẹ́ darapọ̀ mọ́ Kamẹrúùn tó ń sọ Faransé. Bí wọ́n ṣe so wọ́n pọ̀ lóṣù kẹwàá ọdún náà, Ngu di àjòjì ní ìlú tó ti kàwé. Kò torí ẹ̀ kẹ́rù. Ó dúró títí di 1971, wọ́n sì fi í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n iṣẹ́ abẹ ní 1965.

Àìsàn kan wà tó ń kó àwọn ọmọdé wá sí ọ̀dọ̀ wọn nígbà náà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ á kàn wú. Àwọn òbí á rò pé eyín ló ń dùn ún, wọn á wá egbòogi sí i. Eyín á bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ojú á yọ síta. Nígbà mìíràn, inú ikùn ló ti máa wú. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọmọ tó ń ṣa èso kòkó pẹ̀lú ìyá rẹ̀ kò ní lè la ẹnu jẹun mọ́. Àwọn kan á ní ọwọ́ ayé ni. Jẹjẹrẹ ni. Oníṣẹ́ abẹ kan láti Ireland, Denis Burkitt, tó ń ṣiṣẹ́ ní Uganda, ló kọ nípa rẹ̀ ní 1958, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pe àìsàn náà. Ibi tí ibà ẹ̀fọn bá ti pọ̀ ló ti máa ń ṣe ọmọdé jù. Nínú gbogbo jẹjẹrẹ ọmọdé tí wọ́n ń rí ní Ìbàdàn nígbà yẹn, òun ló pọ̀ jù lọ.

Oníṣẹ́ abẹ ni Ngu, ọ̀bẹ ló mọ̀ ọ́n lò. Àmọ́ ọ̀bẹ kò ràn án lọ́wọ́ níbí. Tí o bá gé ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ kúrò, òmíràn ti wà ní kíndìnrín tàbí nínú ikùn. Ohun tó lè tẹ̀ lé àìsàn yẹn lọ síbi gbogbo tó bá sá sí nínú ara ni wọ́n nílò, ìyẹn oògùn tí ẹ̀jẹ̀ lè gbé kiri.

Ojú ogun ni ìtàn oògùn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1917, àwọn ọmọ ogun Jámánì tú gáàsì kan tí wọ́n ń pè ní mustard gas sí àwọn ọ̀tá wọn ní Belgium. Ó jó ara, ó fọ́ ojú, ó ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Àwọn dókítà rí i pé sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó fara gbá a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Bẹ́ẹ̀, àwọn jẹjẹrẹ kan wà tó jẹ́ pé irú sẹ́ẹ̀lì funfun yẹn ló ń pọ̀ láìní ìjánu. Ní 1942, ní Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà, wọ́n fún aláìsàn kan ní ẹbí gáàsì náà, nitrogen mustard. Wúwú ara rẹ̀ rọlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pẹ́ tó fi padà wá. Nígbà tí ọdún 1960 fi máa dé, àwọn ará Jámánì ti ṣe èyí tó rọ̀ díẹ̀ ju ti ìṣáájú lọ jáde, cyclophosphamide. Oògùn yìí kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí ẹ̀dọ̀ èèyàn yóò fi yí i padà.

Kí wá ló ń ṣe lára? Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ni DNA wà, ìyẹn àkọsílẹ̀ tó ń sọ ohun tí sẹ́ẹ̀lì náà máa ṣe. Okùn méjì ni, wọ́n lọ́ mọ́ra. Kí sẹ́ẹ̀lì kan tó di méjì, ó gbọ́dọ̀ tú okùn yẹn, kó sì da ọ̀kọ̀ọ̀kan kọ. Cyclophosphamide á wọ àárín wọn, á so okùn méjèèjì pọ̀ ní kókó tí kò ṣeé tú. Sẹ́ẹ̀lì tó bá fẹ́ di méjì lásìkò yẹn á gbìyànjú títí, kò ní rí i tú, á sì kú. Èyí tó jókòó jẹ́ẹ́ ní àyè láti tún ara rẹ̀ ṣe. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ohun tó ń yára dàgbà ni oògùn náà ń bà jù: jẹjẹrẹ ni, àmọ́ irun orí náà ni, inú ìfun ni, mùdùnmúdùn inú egungun tó ń pèsè ẹ̀jẹ̀ náà sì ni. Ibẹ̀ ni irun tó ń já, èébì àti àìtó ẹ̀jẹ̀ ti wá. Ó lè mú kí àpò ìtọ̀ ṣẹ̀jẹ̀. Ó lè dí ọmọ bíbí lọ́wọ́ lọ́jọ́ iwájú, ó sì lè fa jẹjẹrẹ mìíràn fún àwọn díẹ̀. Ẹni tó bá fi gbogbo èyí pamọ́ fún yín ń tàn yín jẹ ni.

Jẹjẹrẹ Burkitt wà lára àwọn tó ń yára dàgbà jù lọ nínú ara èèyàn. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ó lè di ìlọ́po méjì. Ohun tó fi ń pa ọmọ kíákíá nìyẹn, ohun tó fi ń tètè gbọ́ ti oògùn náà nìyẹn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú bí òròmọ́ńbó lè rọlẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kódà òkú jẹjẹrẹ yẹn lè pọ̀ débi tó máa dí kíndìnrín, ó sì yẹ kí ọmọ wà níbi tí wọ́n á ti máa fa omi sí i lára. Kì í ṣe oògùn tí wọ́n ń gbà lọ sílé.

Kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rọlẹ̀, gbogbo ojú ló ń rí ìyẹn. Iṣẹ́ tó le ni kí èèyàn mọ̀ bóyá ọmọ náà ṣì wà láàyè lẹ́yìn tó ti padà sábúlé. Ẹ rántí irú àsìkò tó jẹ́. Àwọn àgbẹ̀ abúlé Ìbàdàn yìí kan náà ló dìde fún ọ̀rọ̀ owó orí ní 1968 sí 1969, nígbà Àgbẹ́kọ̀yà. Owó ọkọ̀ láti Akanran tàbí Ẹgbẹ́dá dé Ọ̀rìtamẹ́fà kò kéré lójú wọn. Síbẹ̀, ní 1965, Ngu tẹ ìròyìn kan jáde nínú British Journal of Cancer nípa àwọn ọmọ tó ti lò ju ọdún méjì lọ láàyè. Ọdún méjì! Fún àìsàn tó ń pa ọmọ láàárín oṣù díẹ̀. Ó kà wọ́n, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ jiyàn sì rí ohun tó máa yẹ̀ wò.

Ní 1967, ó kọ òmíràn nínú British Medical Journal. Àbá rẹ̀ níbẹ̀ ni pé oògùn nìkan kọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ náà: ara ọmọ fúnra rẹ̀ ń bá jẹjẹrẹ yìí jà, ó sì lè pa èyí tí oògùn bá ṣẹ́ kù. Ní 1972, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Lasker ní Amẹ́ríkà, òun àti Burkitt, Joseph Burchenal, John Ziegler àti àwọn mìíràn tí wọ́n jọ fi ẹsẹ̀ ìtọ́jú jẹjẹrẹ pẹ̀lú oògùn múlẹ̀. Nínú ìmọ̀ ìṣègùn, ẹ̀bùn díẹ̀ ló tó o.

Ó ti padà sílé nígbà yẹn. Ó di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Yaoundé láti 1974 sí 1982, ó sì ṣe mínísítà ètò ìlera láti 1984 sí 1988. Lẹ́yìn náà ló tún gbé àbá 1967 yẹn jáde, pé ara lè jà fúnra rẹ̀ tí wọ́n bá ràn án lọ́wọ́. Ó ní òun ti ṣe abẹ́rẹ́ kan láti inú kòkòrò HIV tó wà lára aláìsàn fúnra rẹ̀. VANHIVAX ló pè é. Àwọn aláìsàn rọ́ lọ sí ilé ìwòsàn rẹ̀ ní Yaoundé. Àmọ́ àyẹ̀wò ńlá tí ẹlòmíràn ṣe, tó sì fìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀, kò wáyé títí ó fi kú ní 2011. Ayé kò gba abẹ́rẹ́ náà.

Ó dùn mí láti kọ ìpínrọ̀ yẹn, torí mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí. Ṣùgbọ́n lẹ́nu iṣẹ́ wa, ẹni tó bá sọ̀rọ̀ ló ń mú ẹ̀rí wá, ẹni yòówù kó jẹ́. Nígbà tí Ngu mú àkọsílẹ̀ ọlọ́dún méjì wá láti Ìbàdàn, wọn ò bi í pé ọmọ ta ni. Nígbà tí kò sí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn VANHIVAX, ẹ̀bùn Lasker kò lè dúró gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ìbéèrè kan náà ni mo ní fún alágbo inú WhatsApp: níbo ni orúkọ àwọn tó lo ọdún méjì wà? Mélòó ló mu ún? Mélòó ló kú?

Cyclophosphamide ti dáhùn ìbéèrè yẹn tipẹ́. Ó wà nínú ìwé oògùn tó pọn dandan tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ń gbé jáde. WHO yìí kan náà sọ pé ní àwọn orílẹ̀-èdè olówó, ó lé ní 80 nínú 100 ọmọ tó ní jẹjẹrẹ tí wọ́n ń wò sàn. Ní àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa, kò tó 30. Oògùn kan náà ni. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ tó ṣòfò nílé alágbo, owó tí kò sí, àti òbí tó gbé ọmọ lọ sílé nítorí pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti rọlẹ̀, tí kò sì padà wá gba èyí tó kù. Ìjọba ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti jẹ́ lórí owó yẹn, mo sì máa padà wá síbẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn.

Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Wọ́n wá jẹ́wọ́ ìdí tí wọ́n fi pè. Ọmọ aládùúgbò wọn kan, ọmọ ọdún mẹ́fà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti wú láti ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n sì ti fẹ́ dá owó àgbo jọ. Mo ní ó lè jẹ́ eyín lóòótọ́, kí wọ́n jẹ́ kí dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀. Owó àgbo yẹn ni wọ́n fi wọ ọkọ̀ lọ sí Ọ̀rìtamẹ́fà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. A ṣì ń retí èsì àyẹ̀wò.