Robert Bakewell, Àgbẹ̀ Ọlọ́sìn

Ẹ̀yin ará, ẹni tí a fẹ́ rántí ní ọ̀sẹ̀ yìí ni Robert Bakewell, àgbẹ̀ ọlọ́sìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1725 ni a bí i ní Dishley, lẹ́bàá ìlú Loughborough. Nígbà tí baba rẹ̀ kú ní 1760, òun ni ó gba àkóso oko tí wọ́n háyà.

Ní ayé ìgbà náà, akọ àti abo ẹran a máa jẹ̀ pọ̀ ní pápá, wọn a sì máa gùn bí ó bá ti rí. Bakewell yà wọ́n sọ́tọ̀. Èyí tí ó dára jù nìkan ni ó ń jẹ́ kí ó bímọ. Ó mọ̀ pé ìran rere kò tó bí oúnjẹ kò bá sí, nítorí náà ó la ojú omi wọ inú pápá rẹ̀ kí koríko lè máa hù dáadáa. Kò fẹ́ kí a fi ìyà jẹ ẹran. Àgùntàn rẹ̀ tètè ń sanra, àwọn àgbẹ̀ sì ń fi owó ńlá háyà àgbò rẹ̀.

Síbẹ̀, gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn ní 1776 títí ó fi di ẹni tí kò lè san án mọ́. Ṣùgbọ́n kò fi iṣẹ́ sílẹ̀, kò sì ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò tí ó wá kọ́ ọgbọ́n. Ó kú ní 1795. Irú màlúù mìíràn ti borí tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó là ni àwọn ọlọ́sìn ṣì ń tọ̀.

Ẹ̀yin oníṣòwò àti òṣìṣẹ́ ìjọba láàárín wa, bí ọjà bá kùtà tàbí ipò bá bọ́, ẹ má ṣe sọ iṣẹ́ ọwọ́ yín nù. Kí Olúwa ràn wá lọ́wọ́.