Àlímọ́tù Péléwúrà àti Iye Owó Gaàrí

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó ṣe òwò ní ẹ̀tọ́ fún wa, tí Ó sì ṣe owó èlé ní èèwọ̀. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, ẹni tí ó ti ṣòwò kí iṣẹ́ òjíṣẹ́ tó dé bá a, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàábé rẹ̀ pátá. Ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, a gba ara wa àti ẹ̀yin náà níyànjú pé kí a bẹ̀rù Ọlọ́hun nínú mọ́sálásí, nínú ilé, àti ní ìdí àtẹ.

Lóde òní, bí a bá ti kí Jímọ̀ tán ní Ọgbà yìí, ọ̀rọ̀ kan náà ni a máa ń gbọ́ ní ẹnu ọ̀nà: oúnjẹ ti wọ́n jù. Òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ní Acme Road ń sọ pé owó oṣù kò dé ìparí oṣù mọ́. Ìyá tí ó ń ta gaàrí ní Sunday Market ń sọ pé iye tí òun rà á kò jẹ́ kí òun lè dín in kù. Ọ̀pọ̀ wa ni ó wá ń béèrè ìdí tí ìjọba kò fi dá iye lé oúnjẹ, kí ọlọ́pàá sì mú ẹni tí ó bá tà á jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbéèrè náà kì í ṣe ti aláìmọ̀kan, ebi ni ó bí i. Àmọ́ ìlú Èkó ti dán irú ìtọ́jú yìí wò rí, ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa Mùsùlùmí ni ó sì dìde láti sọ pé kò lè wo àrùn náà sàn. Ìgbésí ayé ìyá yìí ni a fẹ́ fi ṣe ẹ̀kọ́ wa lónìí.

Ìlú Èkó ni a bí Àlímọ́tù Péléwúrà sí, ní ìdajì kejì ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ẹja ni ìyá rẹ̀ ń tà, òwò ẹja náà ni òun pẹ̀lú gbà ṣe nígbà tí ó dàgbà. Kò mọ ìwé òyìnbó kà, ṣùgbọ́n ó mọ ọjà bí ẹni mowó. Ní ọdún 1910, Ọba Èṣùgbàyí fi oyè dá a lọ́lá nítorí ipò tí ó ti ní láàrin àwọn obìnrin ọlọ́jà. Ní àwọn ọdún 1920, ó di olórí ọjà Eréko ní erékùṣù Èkó, òun náà ni ó sì wá ṣe aṣáájú Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Ọlọ́jà Èkó, tí ó kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin jọ láti ọjà dé ọjà. Mùsùlùmí ni púpọ̀ nínú wọn, wọn kò sì mọ̀wé. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá ní ọ̀rọ̀ láti bá ìjọba sọ, wọ́n a wá akọ̀wé tí yóò bá wọn kọ ọ́. Herbert Macaulay jẹ́ alábàárò wọn, ohùn Péléwúrà sì lágbára nínú ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ọjà wà lára ohun tí ó kọ́kọ́ dán ìyá yìí wò. Ní àárín àwọn ọdún 1930, ìjọba fẹ́ ṣí ọjà Eréko kúrò ní ipò rẹ̀ lọ sí Olúwọlé. Lójú òṣìṣẹ́ ìjọba, ọjà kan ni a fẹ́ gbé láti ibì kan lọ sí ibòmíràn. Lójú àwọn tí ó ń tajà níbẹ̀, ọ̀nà tí oníbàárà mọ̀ ni a fẹ́ dí. Péléwúrà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀, wọn kò kó kúrò. Wọ́n mú un, wọ́n sì tì í mọ́lé. Àwọn obìnrin Èkó kò jókòó sílé, wọ́n tú síta nítorí rẹ̀ títí a fi dá a sílẹ̀.

Nígbà tí ó di ọdún 1940, ogun àgbáyé kejì ti bẹ̀rẹ̀, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì ń wá owó. Wọ́n gbé òfin jáde pé obìnrin tí èrè rẹ̀ bá ju £50 lọ lọ́dún gbọ́dọ̀ san owó orí. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún náà, àwọn obìnrin ti ọjà, Péléwúrà ṣíwájú wọn, wọ́n sì tọ Kọmíṣọ́nnà Ìlú Èkó lọ pẹ̀lú ìwé ẹ̀bẹ̀. Àlàyé wọn kò ṣòro: ogun ti dín òwò kù, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọkọ, obìnrin ni ó sì ń bọ́ ilé. Láìpẹ́, ìjọba gbé iye náà kúrò ní £50, ó sọ ọ́ di £200. Ìwọ̀nba obìnrin díẹ̀ ni ó ń rí tó bẹ́ẹ̀.

Èyí tí ó tóbi jù ṣì ń bọ̀. Ogun mú kí oúnjẹ wọ́n ní Èkó. Sójà pọ̀ nílùú, àwọn tí ń wá iṣẹ́ ń wọlé láti òkè, ọjà òkè òkun kò sì wọlé bí ti àtẹ̀yìnwá. Láti ọdún 1941 ni ìjọba ti ń gbìyànjú láti dá iye lé àwọn ohun jíjẹ. Wọ́n wá fi òyìnbó kan, Captain A. P. Pullen, sí ìdí ìdarí oúnjẹ ìbílẹ̀. Ó dá iye lé gaàrí, ó ṣí àwọn ibùdó tí a ó ti máa tà á ní iye náà, ìjọba sì ń ṣọ́ bí gaàrí ṣe ń wọ Èkó láti ìlú tí a ti ń dín in. Ẹni tí ó bá tà á jù bẹ́ẹ̀ lọ, ilé ẹjọ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó wà nínú kọ́ńgò gaàrí kan. Àgbẹ̀ ní Ìjẹ̀bú ti gbin ẹ̀gẹ́, ó ti dúró kí ó gbó. Àwọn obìnrin ti bó o, wọ́n ti rìn ín, wọ́n ti fún un, wọ́n ti dín in lórí iná igi. Ẹnì kan ti ra àpò, ẹnì kan ti san owó ọkọ̀ ní àkókò tí ogun mú kí epo ọkọ̀ àti táyà ṣọ̀wọ́n. Alájàpá ti dá owó tirẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ̀ bóyá òjò yóò pa ẹrù òun lójú ọ̀nà. Iye tí gaàrí ń jẹ́ lọ́jà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá tí ó jókòó tì í nìkan. Gbogbo ọwọ́ wọ̀nyí ni ó ti sọ tiwọn nínú rẹ̀. Ọ̀gá tí ó jókòó sí ọ́fíìsì ní Èkó kò lè gbọ́ ohùn gbogbo wọn, bí ó ti wù kí ó gbọ́n tó.

Iye tí ìjọba dá kò tó ohun tí gaàrí ná àwọn tí ó gbé e wá. Ẹni tí ó bá tẹ̀ lé òfin, ó jẹ gbèsè. Ẹni tí kò bá tẹ̀ lé e, ó di arúfin. Nítorí náà gaàrí fà sẹ́yìn kúrò ní gbangba, ó sì ń gba ẹ̀bùrú wọ̀lú ní iye tí ó ga ju ti ìjọba lọ. Àwọn aráàlú tò sí ibùdó ìtajà, wọ́n dúró pẹ́, ọ̀pọ̀ sì padà sílé pẹ̀lú agbọ̀n òfìfo. Òfin tí a ṣe nítorí tálákà wá di ohun tí ó mú oúnjẹ jìnnà sí tálákà.

Pullen mọ̀ pé bí Péléwúrà bá gbà, gbogbo ọjà ni yóò gbà. Ó fi £100 lóṣù lọ̀ ọ́, pé kí ó bá ìjọba lọ́wọ́ sí ètò náà. Ẹ ronú sí i. Òfin owó orí ti fi £200 lọ́dún ṣe ààlà láàrin obìnrin tí ó rí ṣe àti èyí tí kò rí ṣe. Oṣù méjì péré ni ìyá yìí ì bá fi gba iye náà. Kò gbà á. Ó sọ fún òyìnbó náà lójú pé ìlú ni ètò rẹ̀ yóò bàjẹ́, ebi ni yóò sì fi pa á. Lẹ́yìn tí ogun parí, ìjọba fúnra rẹ̀ jọ̀wọ́ ìdarí iye owó oúnjẹ, gaàrí sì padà sórí àtẹ.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ìdúró ìyá yìí bá ìlànà Ànábì mu. Nígbà tí ọjà wọ́n ní Mẹdínà, àwọn sàábé bẹ Ànábì wa pé kí ó dá iye lé e. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé Ọlọ́hun ni Ó ń fún arísìkí, tí Ó sì ń tẹ́ ẹ, àti pé òun kò fẹ́ pàdé Olúwa òun pẹ̀lú ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn òun, yálà nípa ẹ̀jẹ̀ tàbí nípa owó. Bí olórí tí ó ní ẹ̀dá jù bá ń bẹ̀rù láti fi agbára gba owó lápò ọlọ́jà, ó yẹ kí ẹlòmíràn bẹ̀rù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àlùkùránì, nínú Sūratu Nisā’i, sì fi ìdí òwò múlẹ̀ lórí ìfẹ́ inú olùtà àti olùrà.

Ṣùgbọ́n ìtàn náà kò parí síbẹ̀, ibi tí ó kù ni ó ṣe pàtàkì jù fún wa. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1945, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti ti rélùwéè daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí pé owó oṣù wọn kò tó ra oúnjẹ mọ́. Ó lé ní oṣù kan kí wọ́n tó padà. Ní gbogbo àkókò yẹn, Péléwúrà àti àwọn obìnrin ọlọ́jà kò jẹ́ kí iye oúnjẹ ga lórí àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n sì dá owó fún ìrànlọ́wọ́ wọn. Àwọn obìnrin tí kò gbà kí a fi òfin já ọjà wọn wálẹ̀ ni ó fi ọwọ́ ara wọn mú un rọrùn. Ohun tí ilé ẹjọ́ kò rí gbà lọ́wọ́ wọn, àánú gbà á. Ọdún 1951 ni Péléwúrà papòdà. Kí Ọlọ́hun forí jì í, kí Ó sì tẹ́ ibojì rẹ̀ sí rere.

Àwọn tí ó ti dàgbà nínú wa rántí ọdún 1984, nígbà tí sójà ń fipá mú ọlọ́jà láti ta ọjà ní iye tí wọ́n fẹ́, tí a sì ń tò fún mílíìkì, ṣúgà àti ìrẹsì tí a ń pè ní ẹsẹ́ńkò. Àwọn tí ó tò mọ bí ó ti parí. Nítorí náà, a kò gbọdọ̀ máa tọrọ ohun tí ó ti já wa kulẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀yin ọlọ́jà, òmìnira tí Péléwúrà jà fún kì í ṣe àṣẹ láti rẹ́ni jẹ. Ẹni tí ó tẹ ìdí kọ́ńgò wọnú, tàbí tí ó fi èyí tí ó dára bo èyí tí ó ti bàjẹ́ mọ́lẹ̀, èrè rẹ̀ kò ní alùbáríkà. Ẹni tí ó kó oúnjẹ pamọ́ kí ebi lè mú aráàlú, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni, àwọn onímọ̀ sì gbà pé aláṣẹ lè mú un kí ó tà á ní iye tí ọjà ń lọ. Ẹgbẹ́ ọjà tí ó ń lé àlejò dànù nítorí pé ó fẹ́ ta tirẹ̀ ní ẹ̀dínwó, kí ó mọ̀ pé ohun tí Pullen ṣe ni òun náà ń ṣe. Ànábì wa kọ̀ kí a lọ pàdé oníṣòwò lójú ọ̀nà kí ó tó wọ ọjà, nítorí ó fẹ́ kí ọjà ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn.

Ní ti àwọn aláṣẹ, iṣẹ́ wọn pọ̀ láì dá iye lé gaàrí: kí wọ́n tún ọ̀nà ṣe láti oko dé Agége àti Ọgbà, kí wọ́n gba awakọ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń gba owó láìtọ́ lójú títì, kí wọ́n ṣọ́ òṣùwọ̀n, kí wọ́n sì dá ẹjọ́ òtítọ́. Tálákà tí kò rí owó ra oúnjẹ pẹ̀lú gbogbo èyí, Ọlọ́hun ti fi ẹ̀tọ́ tirẹ̀ sínú sàká àwa tí a rí ṣe. Kí a má fi gbèsè tiwa lé ìyá tí ó ń ta gaàrí lórí.

Olúwa, fi alùbáríkà sí ọjà wa, sí òṣùwọ̀n wa, àti sí iṣẹ́ ọwọ́ wa. Mú oúnjẹ pọ̀ ní ilẹ̀ wa. Fún olùtà ní àánú, fún olùrà ní sùúrù, fún aláṣẹ ní òdodo. Má ṣe jẹ́ kí a pàdé Rẹ pẹ̀lú ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn wa. Àmín.