Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kuti: Ọmọ Ẹ̀gbá tí ó Wádìí Wàrà

Ọmọ Ẹ̀gbá ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kuti, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìjẹ̀bú-Òde ni a ti bí i ní ọjọ́ 30, oṣù Kejìlá, ọdún 1927. Bàbá rẹ̀, Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kuti, ni ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ girama ìlú náà nígbà náà. Ní 1932, bàbá di ọ̀gá Abẹ́òkúta Grammar School. Ibẹ̀ ni ọmọ náà sì ti kàwé. Ìyá rẹ̀ ni Fúnmiláyọ̀, ẹni tí ó kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jọ láti tako owó-orí tí ń ni wọ́n lára. Fẹlá, gbajúmọ̀ olórin, jẹ́ àbúrò rẹ̀.

Olíkóyè kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Trinity College, Dublin. Nígbà tí ó ṣe, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìtọ́jú ọmọdé ní Yunifásítì Èkó. Ní àkókò náà, ìgbẹ́ gbuuru ń pa àwọn ọmọ wẹẹrẹ lọ́pọ̀lọpọ̀. Kì í ṣe kòkòrò àrùn nìkan ni ó ń fa ìgbẹ́ gbuuru. Wàrà pàápàá a máa da inú ẹlòmíràn rú. Olíkóyè fẹ́ mọ ìdí rẹ̀.

Òun àti Norman Kretchmer, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, ṣe àyẹ̀wò láàárín àwọn Yorùbá, Igbo, Haúsá àti Fúlàní. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1971 fi hàn pé ṣúgà inú wàrà ń dà nínú ọ̀pọ̀ Fúlàní darandaran títí dọjọ́ ogbó, ṣùgbọ́n kì í dà nínú ọ̀pọ̀ jù lọ àgbàlagbà Yorùbá àti Igbo. Ní 1975, wọ́n tẹ ìwádìí mìíràn jáde lórí àwọn ìdílé. Ó hàn gbangba pé ajogúnbá ni ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe àrùn.

Báwo ni ara ṣe ń ṣíwọ́ iṣẹ́ tí ó ń ṣe nígbà ọmọdé? Àwọn tí ó wá lẹ́yìn Olíkóyè ni ó tú kókó yìí. Inú DNA ni àṣẹ wà fún láktéèsì, èròjà tí ń da ṣúgà inú wàrà. Àwọn purotéènì kan ní láti di apá kan lára DNA mú kí àṣẹ náà tó lè múlẹ̀. Ní 2002, àwọn onímọ̀ ní Finland rí ìyàtọ̀ kékeré kan ní apá náà lára àwọn tí wàrà ń dà nínú wọn. Àwọn Fúlàní kan náà ní in. Ní 2005, a rí i pé ìyàtọ̀ yìí ń jẹ́ kí purotéènì Oct-1 di DNA mú ṣinṣin. Méjì mìíràn tí ń di ibẹ̀ mú, GATA-6 àti HNF4α, kò lè ṣe é láìsí síǹkì. Síǹkì kan náà ni a fi ń bo páànù òrùlé kí ó má baà tètè dípẹtà. Nínú ara, áyọ́ọ̀nù tí ó ti pàdánù ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì ni. Òun ni ó ń so purotéènì náà bí ìdè. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, apá tí ń di DNA mú a tú.

Láti 1985 sí 1992, Olíkóyè jẹ́ Mínísítà fún Ètò Ìlera. Ó sapá kí gbogbo ìyá lè mọ bí a ti ń po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ omi fún ọmọ tí ń yàgbẹ́ gbuuru. Áyọ́ọ̀nù ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú: sódíọ́ọ̀mù inú iyọ̀ ń dara pọ̀ mọ́ purotéènì kan nínú ìfun, wọ́n jọ ń gbé ṣúgà wọlé, omi a sì tẹ̀ lé e.

Olíkóyè kú ní London ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹfà, ọdún 2003. Ní 2004, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF dá a lábàá pé kí a máa fi síǹkì kún ìtọ́jú ìgbẹ́ gbuuru fún ọjọ́ 10 sí 14. Kò rí ọjọ́ náà. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ rántí rẹ̀ nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá kọ wàrà: ẹ kọ́kọ́ wádìí, kí ẹ tó dá a lẹ́bi.