Hans Selye, Ọkùnrin Tó Ti Ara Eku Kọ́ Ayé ní Ọ̀rọ̀ Másùnmáwo

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ lóṣù yìí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa, kì í sì í ṣe Mùsùlùmí. Orúkọ rẹ̀ kò wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ará Mọ́níyà tàbí Lálúpọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó sọ ti dé ibi gbogbo. Ẹni tó bá ń wọ mọ́tò láti Ìwó Ròòdù lọ sí Ẹ̀gbẹ́dá, tàbí láti Ṣàngó lọ sí Mọ́níyà, yóò ti pàdé ọkùnrin kan tó máa ń dìde láàárín èrò, tí yóò gbé ìgò oògùn sókè. Yóò ní ìrònú àti làálàá ló ń tú omi burúkú sínú ẹ̀jẹ̀, pé omi yìí ló ń fa ọgbẹ́ inú, ẹ̀jẹ̀ ríru àti làkúrègbé, àti pé wọ́n ti dán oògùn òun wò lára eku ní yunifásítì, ó sì ṣiṣẹ́. Àwọn èrò á máa mi orí, ẹlòmíràn á sì fi owó ọjà ra ìgò kan. Ọkùnrin yẹn lè má gbọ́ orúkọ Hans Selye rí, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìdajì ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá.

Ọjọ́ 26 oṣù kìíní ọdún 1907 ni wọ́n bí Selye ní ìlú Vienna, nígbà tí Ọ́stríà àti Hùngárì ṣì wà lábẹ́ ọba kan ṣoṣo. Ará Hùngárì ni bàbá rẹ̀, dókítà oníṣẹ́ abẹ nínú iṣẹ́ ológun sì ni. Ará Ọ́stríà ni ìyá rẹ̀. Ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Komárom, lẹ́bàá odò Danube, ni ó gbé dàgbà. Ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Prague, ó gba oyè dókítà ní 1929, ó sì tún gba oyè mìíràn nínú ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì ní 1931.

Ìgbà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ ni ohun kan ti gbà á lọ́kàn. Olùkọ́ wọn máa ń kó oríṣiríṣi aláìsàn wá síwájú wọn, yóò sì fi àmì tó ya àìsàn kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ hàn wọ́n. Selye rí i pé àwọn aláìsàn náà tún jọra: ara ń ro gbogbo wọn, oúnjẹ kò wù wọ́n, wọ́n ń rù, ojú wọn sì jẹ́ ojú ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Ó ṣe é ní kàyéfì pé kò sẹ́ni tó ń wádìí ohun tó mú wọn jọra. Ìbéèrè ọmọdé ni ó jọ lójú àwọn àgbà, òun náà sì gbé e tì fún ìgbà díẹ̀.

Ní 1931 ó rí owó ìrànwọ́ àjọ Rockefeller gbà, ó sì kọjá sí Yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ó kó lọ sí Yunifásítì McGill ní Montreal, ní Kánádà, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Collip, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí insulin tí àwọn alátọ̀gbẹ ń lò. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé Selye lọ́wọ́ ni láti wá họ́mónù tuntun nínú ilé-ẹyin abo màlúù. Kí a tó lọ jìnnà, họ́mónù ni a ń pe àwọn ohun tí ẹṣẹ́ inú ara ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé káàkiri bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ láti abúlé kan dé èkejì.

Ó gba ilé-ẹyin màlúù láti ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran, ó fún omi rẹ̀, ó sì fi abẹ́rẹ́ gún un sára eku. Nígbà tó la àwọn eku náà, ohun mẹ́ta ló rí. Ẹṣẹ́ kékeré tó jókòó lórí kíndìnrín ti wú. Ẹṣẹ́ thymus inú àyà, tó ń ran ara lọ́wọ́ láti bá àrùn jà, ti súnkì. Ọgbẹ́ sì ti yọ nínú ikùn. Inú rẹ̀ dùn, ó rò pé họ́mónù tuntun ti bọ́ sí òun lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó lo omi tó fún láti inú àwọn ẹ̀yà ara mìíràn, ohun mẹ́ta yẹn náà ló tún rí. Ó wá lo fọ́málínì, oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú kó má bàa jẹrà, tirẹ̀ tilẹ̀ le ju ti ìṣáájú lọ. Ìrètí họ́mónù tuntun ti wọmi. Ẹlòmíràn ì bá da gbogbo rẹ̀ nù. Lójú tèmi, ibí ni a ti mọ irú ẹni tí Selye jẹ́, nítorí pé ó rántí àwọn aláìsàn Prague. Ó fi eku sínú òtútù, ó mú wọn sáré títí ó fi rẹ̀ wọ́n, ó ṣe wọ́n léṣe. Ohun mẹ́ta yẹn náà ló ń jáde.

Ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 1936 ni ìwé ìròyìn Nature ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ ìwádìí náà jáde. Kò gùn, kò sì dárúkọ másùnmáwo rárá. Ohun tó sọ ni pé ara a kọ́kọ́ ta gìrì, lẹ́yìn náà a fara dà á, bí ìyà náà kò bá sì dáwọ́ dúró, agbára a tán. Títí di ibí, ohun tó rí lára eku ló sọ nípa eku, àwọn mìíràn sì tún un ṣe tí wọ́n rí i bẹ́ẹ̀. Àwa ènìyàn náà ní ẹṣẹ́ orí kíndìnrín, tiwa náà sì ń tú họ́mónù jáde nígbà ìnira. Kò sẹ́ni tó ń jiyàn èyí.

Fífò láti ara eku sára ènìyàn ló dá ìjà sílẹ̀. Ní 1945 Selye kó lọ sí Yunifásítì Montreal, ó sì di olórí ilé ìwádìí ńlá kan níbẹ̀. Wọ́n ní ẹranko tó wà níbẹ̀ tó 15,000, àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ sì tó 40. Láti ibẹ̀ ló ti ń kọ́ni pé ẹ̀jẹ̀ ríru, àrùn kíndìnrín, làkúrègbé àti ọ̀pọ̀ àìsàn mìíràn wá láti inú bí ara ṣe ń fara da másùnmáwo. Ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1956, The Stress of Life, ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọwọ́ ẹni tí kì í ṣe dókítà.

Ọmọ abúlé kì í pẹ́ rí ohun tó wà nídìí ìjà yìí. Ẹ wo adìyẹ tó wọ oko ata, bí ó ṣe ń ṣa ata jẹ bí ẹni ń ṣa àgbàdo. Títa ata kò sí lẹ́nu adìyẹ, nítorí ara ẹyẹ kì í gbọ́ ọ. Ẹni tó bá dán ata wò lára adìyẹ 1,000, tó wá ní kì í ta, kò purọ́ nípa adìyẹ, ṣùgbọ́n kí ó má fún ọmọ wa jẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni eku. Họ́mónù ìnira tó pọ̀ jù lára àwa ènìyàn ni cortisol. Ti eku ni corticosterone. Tiwa máa ń pọ̀ ní òwúrọ̀ tí a bá jí. Ti eku, tí í ṣe ẹran òru, máa ń pọ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú. Bí a bá sì gbá eku mú láti gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀, tí a fi falẹ̀ ju ìṣẹ́jú bíi mẹ́ta lọ, họ́mónù náà á ti máa gòkè nítorí ọwọ́ tó mú un. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní àgbo òun mú họ́mónù ìnira wálẹ̀ lára eku mẹ́fà, ó yẹ kí á bi í léèrè irú họ́mónù tó wọ̀n, àsìkò tó wọ̀n ọ́n, bí ó ṣe mú eku náà, àti iye eku tí kò fún ní àgbo tó fi wé wọn. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, a ó tún béèrè ìgbà tó dán an wò lára ènìyàn.

Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bi Selye. Láti fi hàn pé họ́mónù lè fa ẹ̀jẹ̀ ríru, ó yọ kíndìnrín kan lára eku, ó fún un ní omi iyọ̀ mu dípò omi lásán, ó wá gún họ́mónù kan tí wọ́n ń pè ní DOCA fún un lọ́pọ̀lọpọ̀. Ìfúnpá eku náà ga, ọkàn àti kíndìnrín tó kù sì bàjẹ́. Àwọn dókítà bi í pé ta ni nínú àwọn aláìsàn wọn tí wọ́n yọ kíndìnrín rẹ̀, tó ń mu omi iyọ̀, tí họ́mónù sì pọ̀ lára rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nípa làkúrègbé, ó gbà pé irú họ́mónù yìí tó bá pọ̀ jù lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí ẹ̀rí pé ó pọ̀ jù lára àwọn tí oríkèé ń dùn. Dípò bẹ́ẹ̀, ní 1948, Hench àti Kendall ní Amẹ́ríkà fún obìnrin kan tí làkúrègbé ti dè mọ́lẹ̀ ní cortisone, họ́mónù mìíràn láti inú ẹṣẹ́ kan náà, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó sì dìde rìn. Ara ènìyàn ni wọ́n wò.

Dídán oògùn wò lára ẹranko kì í ṣe àbùkù. Abú Bakr ar-Rází, àgbà oníṣègùn tó kú ní nǹkan bí ọdún 925, fún ọ̀bọ kan ní mẹ́kúrì mu láti mọ ohun tí yóò ṣe fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ gbígbà ṣe àwọn alárùn ọpọlọ láǹfààní, àwọn aláìsàn ló pín sí méjì: ó gba ẹ̀jẹ̀ lára àwọn kan, ó fi àwọn yòókù sílẹ̀, ó wá fi wọ́n wéra.

Ẹranko náà ló wá dá Selye lóhùn nígbẹ̀yìn. John Mason, ní ilé ìwádìí Walter Reed ti àwọn ológun Amẹ́ríkà, fi ebi pa àwọn ọ̀bọ. Níbi tí wọ́n ti ń wo àwọn yòókù tó ń jẹun, họ́mónù ìnira wọn gòkè. Nígbà tó yà wọ́n sọ́tọ̀, tó fún wọn ní ohun jíjẹ tó dùn bí èso ṣùgbọ́n tí kò ní agbára kankan nínú, họ́mónù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má gòkè mọ́, bẹ́ẹ̀ ebi ṣì wà níbẹ̀. Ó kọ ọ́ jáde ní 1971 pé kì í ṣe gbogbo ìnira ni ara ń dáhùn bákan náà, ohun tí ọkàn rí nínú rẹ̀ ṣe pàtàkì. Èmi fúnra mi fẹ́ẹ̀ kọ ọ́ síbí pé ìdí nìyí tí ààwẹ̀ tí a fi ìfẹ́ gbà kì í fi í ni wá lára. Mo wá rántí pé ọ̀bọ ni Mason wò, mo sì fà á nù.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà tó dùn mí láti sọ. Ní 1969 Selye lọ síwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin Kánádà, ó sọ fún wọn pé sìgá lè ran àwọn kan lọ́wọ́ láti borí másùnmáwo. Ìwé tó jáde láti inú àkọsílẹ̀ àwọn ilé iṣẹ́ sìgá lẹ́yìn ikú rẹ̀ fi hàn pé wọ́n ń fún un lówó fún ìwádìí rẹ̀. Ní 1969 yẹn, ẹ̀rí láti ara ènìyàn ẹgbẹẹgbẹ̀rún ti wà nílẹ̀ pé sìgá ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró.

Ti ọgbẹ́ inú ló kù, èyí tí mo rò pé ó kan ilé wa jù. Nítorí pé ọgbẹ́ yọ nínú ikùn eku, ayé gbà pé ìrònú ló ń dá ọgbẹ́ sínú ènìyàn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún wọ́n ń sọ fún aláìsàn pé kí ó fọkàn balẹ̀, kí ó yé ronú, kí ó máa mu mílíìkì. Ní oṣù kẹrin 1982, Robin Warren àti Barry Marshall ní ìlú Perth, ní Ọsirélíà, rí kòkòrò àìfojúrí kan hù láti inú ikùn àwọn aláìsàn wọn. Helicobacter pylori ni a mọ̀ ọ́n sí lónìí. Marshall gbìyànjú láti fi kòkòrò náà kó àrùn bá ọmọ ẹlẹ́dẹ̀, kò mú wọn. Ní 1984 ó gbé e mu fúnra rẹ̀, ikùn rẹ̀ sì wú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2005. Kòkòrò yìí àti àwọn oògùn ìrora kan tí a ń gbé mì láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà ni wọ́n ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú ọgbẹ́ inú. Ẹni tí inú ń ta ní Àkànrán tàbí Ìyànà Ọ̀fà lè ní kí wọ́n yẹ òun wò fún kòkòrò náà ní ọsibítù. Bí wọ́n bá rí i, oògùn apakòkòrò tí wọ́n máa ń lò fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì ló ń lé e.

Ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún 1982 ni Hans Selye kú ní Montreal, ní ẹni ọdún 75, oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí kòkòrò náà hù ní Perth.