Adésọjí Adérẹ̀mí: Ọọ̀ni tó di gómìnà, tó fi ìwé yọ Akíntọ́lá nípò

Ìtàn ìṣèlú ilẹ̀ Yorùbá kò lè pé láìdárúkọ Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí, Ọọ̀ni Ilé-Ifẹ̀ tó lo nǹkan bí àádọ́ta ọdún lórí ìtẹ́ Odùduwà. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di gómìnà ẹkùn kan lórílẹ̀-èdè yìí, nígbà tí òmìnira kò tíì dé. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà fi ń rántí rẹ̀ jù ni ìpinnu kan tó ṣe ní ọjọ́ 21, oṣù Karùn-ún, ọdún 1962, èyí tó dá awuyewuye sílẹ̀ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn.

Ọjọ́ 15, oṣù Kọkànlá, ọdún 1889 ni wọ́n bí i ní ìdílé ọba Ọ̀ṣìnkọ́lá. Ó kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ St. Philip's, Ayétòrò, Ilé-Ifẹ̀, lẹ́yìn náà ló bá iléeṣẹ́ rélùwéè ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1921, ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó sì bọ́ sídìí òwò. Nígbà tí Ọọ̀ni Adémilúyì wàjà ní ọdún 1930, òun ni oyè kàn.

Kò pẹ́ tó dórí ìtẹ́ tí ará ìlú fi mọ̀ pé ọba tó mọ iyì ìwé ló jẹ. Ní ọdún 1932, ó dá ilé ẹ̀kọ́ girama Odùduwà, ìyẹn Oduduwa College, sílẹ̀, kí ọmọ Ifẹ̀ má baà máa rìn jìnnà kó tó kàwé. Àsìkò tirẹ̀ náà ni wọ́n hú àwọn orí idẹ tó lókìkí káàkiri àgbáyé jáde ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, lẹ́yìn ààfin, ní ọdún 1938.

Láyé ìgbà náà, àgbẹ̀ tó wà lábúlé kò ní ìbò. Òfin tí Gómìnà Clifford ṣe ní ọdún 1922 fún Èkó àti Calabar nìkan láǹfààní láti dìbò yan aṣòfin. Ẹni tí òyìnbó bá fà kalẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ lórúkọ àwọn ará òkè. Ọba Adérẹ̀mí wà lára àwọn ọba tó jókòó sílé aṣòfin ní àwọn ọdún 1940.

Ọdún 1951 ni ìbò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé oko, ìpele-ìpele ni wọ́n sì ṣe é. Àwọn tó ń san owó orí yóò yan aṣojú, àwọn aṣojú yìí ni yóò wá lọ yan aṣòfin. Ní ọdún 1956 tí Ìwọ̀-Oòrùn dìbò tààrà, ijókòó 80 ló wà nílé aṣòfin Ìbàdàn. Nígbà tó di ọdún 1960, ó ti di 124, tó túmọ̀ sí pé wọ́n ti gé ẹkùn ìdìbò sí wẹ́wẹ́, aṣòfin sì túbọ̀ sún mọ́ abúlé.

Ọba kì í du ìbò, ṣùgbọ́n Ọọ̀ni kò jìnnà sí ìjọba. Ó di mínísítà ní Èkó ní ọdún 1951. Ní oṣù Kẹta ọdún 1953, lẹ́yìn àbá Anthony Enahoro pé kí Nàìjíríà gba ìjọba ara rẹ̀ ní ọdún 1956, òun àti àwọn mínísítà yòókù láti inú ẹgbẹ́ Action Group kọ̀wé fipò sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló di olórí Ilé Ìgbìmọ̀ Lọ́balọ́ba ní Ìbàdàn.

Ní oṣù Keje ọdún 1960, ó gba ipò gómìnà lọ́wọ́ Sà John Rankine. Ipò tí kò yẹ kó ní ìjà nínú ni, nítorí Pírẹ́mìà ló ń ṣe ìjọba. Àmọ́ ìjà dé láàárín Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àti Olóyè S. L. Akíntọ́lá tó jẹ́ Pírẹ́mìà. Aṣòfin 66, tí wọ́n ju ìdajì ilé lọ, fọwọ́ síwèé pé àwọn kò fẹ́ Akíntọ́lá mọ́. Ìwé yìí ni gómìnà dì mú tó fi yọ ọ́, tó sì fi Alhaji D. S. Adégbẹnró rọ́pò rẹ̀, láìdúró de ìbò nínú ilé.

Ní ọjọ́ 25 oṣù náà, ilé aṣòfin dàrú. Wọ́n ju àga lura wọn, àwọn ọlọ́pàá sì yin tajútajú. Olórí alátakò, Olóyè Rẹ̀mílẹ́kún Fani-Kayode, ọmọ Ifẹ̀ ni òun náà, apá Akíntọ́lá ni òun àti NCNC sì dúró sí. Ní ọjọ́ 29, ìjọba àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì, wọ́n sì ní kí gómìnà àti àwọn mínísítà lọ rọ́ọ́kún nílé ná. Dókítà Moses Májẹ̀kódùnmí ló bójú tó Ìwọ̀-Oòrùn títí ọdún 1962 fi parí.

Ẹjọ́ náà dé kóòtù. Ní oṣù Keje ọdún 1962, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Nàìjíríà sọ pé ìbò inú ilé nìkan ló lè fi hàn pé Pírẹ́mìà kò lẹ́yìn mọ́. Ṣùgbọ́n ní oṣù Karùn-ún ọdún 1963, Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù dá Adégbẹnró láre, pé gómìnà kò ṣẹ̀ sófin. Ìdájọ́ yìí kò wúlò mọ́, nítorí ìjọba Akíntọ́lá, tó ti padà sórí àga, sáré tún òfin ṣe, ó sì mú un padà sẹ́yìn dé ọdún 1960. Olóyè J. O. Fádáhùnsì ti di gómìnà nígbà náà.

Ọba Adérẹ̀mí padà sí ààfin rẹ̀. Ó rí i kí Yunifásítì Ifẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1962, kó dé orí ilẹ̀ tirẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1967. Oṣù Keje ọdún 1980 ló wàjà, ó ti pé ẹni àádọ́rùn-ún ọdún, Ọba Okùnadé Ṣíjúwadé ló sì jẹ tẹ̀lé e.

Títí dòní, àwọn kan gbà pé bàbá gbogbo ayé ni ọba, kò yẹ kó bá wọn dé ìdí òṣèlú. Àwọn mìíràn ní ohun tí aṣòfin tó pọ̀ jù fọwọ́ sí ló ṣe. Èyí tí kò sí àríyànjiyàn lórí rẹ̀ ni pé nígbà tí abúlé kò tíì ní ìbò, Ọọ̀ni yìí wà lára àwọn tó ń gbẹnu sọ fún wọn.