Ògèdèǹgbé Agbógungbórò àti Ìbọn Tó Ti Èkó Wá

Bí ọ̀rọ̀ ogun Kírìjí bá ti bẹ́ sílẹ̀ níbi ìpàdé àwa ọmọ Yorùbá tó ń gbé lẹ́yìn odi, ọmọ Ìjẹ̀ṣà á máa yangàn, ọmọ Ìbàdàn náà ò sì ní gbà. A ò fẹ́ dá ìjà yẹn sílẹ̀ lónìí. Ìtàn Ògèdèǹgbé ni a fẹ́ sọ, nítorí ohun kan wà nínú rẹ̀ tó kan gbogbo àwa tí a fi ilé sílẹ̀.

Àtorin, lágbègbè Iléṣà, ni wọ́n ti bí i. Ọ̀rìṣàráyíbí Ògúndámọ́lá ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ogun Ìbàdàn mú un lẹ́rú, Ìbàdàn náà ló sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń jagun. Nígbà tí Ìbàdàn kó Iléṣà ní 1870, ó bọ́ sí Ìta Ògbólú, lẹ́bàá Àkúrẹ́, ó sì kó àwọn ọmọ ogun jọ síbẹ̀.

Ní 1878, Fábùnmi ti Òkè-Mẹ̀sí kọ ìyà àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn. Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti Ìgbómìnà para pọ̀, ni wọ́n bá ń jẹ́ Èkìtìparapọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n fi Ògèdèǹgbé ṣe balógun wọn. Wọ́n pàgọ́ sí Ìmẹ̀sí-Ilé. Ìbàdàn, lábẹ́ Ààrẹ Látòósà, pàgọ́ sí Igbájọ.

Ìbọn ni ìṣòro wọn. Ṣakabùlà ni wọ́n ń lò. Ẹnu ìbọn ni wọ́n ti ń da ẹ̀tù sí i, wọ́n á fi ọ̀pá kì í, wọ́n á tún ki ọta sí i. Bí òjò bá rọ̀, ó parí. Ìbàdàn sì mọ ogun jù wọ́n lọ; bí ìbọn bá dọ́gba, ẹ̀yìn ni wọ́n máa wà.

Àwọn ọmọ wọn tó ń gbé Èkó ló gbà wọ́n. Púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n ti tà lẹ́rú rí, tí wọ́n sì ti Sàró àti Bràsíìlì padà. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n dáwó, wọ́n ra ìbọn Snider. Ìbọn yìí fúnra rẹ̀, àtúnṣe ni. Láti 1866 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ń gé ìdí ìbọn Enfield àtijọ́ wọn, tí wọ́n ń ṣe ilẹ̀kùn kékeré sí i, kí ọta lè máa gba ẹ̀yìn wọlé. Ẹni tó ń yìn ín lẹ́ẹ̀mẹta ní ìṣẹ́jú kan wá ń yìn ín lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ní 1871, àwọn Gẹ̀ẹ́sì tún mú Martini-Henry. Ohun tó ti gbó lọ́wọ́ wọn ni tuntun lọ́dọ̀ wa.

Ẹgbẹ́ náà rán àwọn tó mọ̀ ọ́n lò lọ sójú ogun. Ọ̀sà àti ọ̀nà Oǹdó ni ẹrù ń gbà dé ọ̀dọ̀ Ògèdèǹgbé. Ní ti Ìbàdàn, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti dí ọ̀nà òkun mọ́ wọn. Ẹ̀tù pàápàá di ọ̀wọ́n. Ìró ìbọn láàárín àwọn òkè ni wọ́n ní ó bí orúkọ Kírìjí.

Síbẹ̀, ìbọn ò parí ogun. Èkìtìparapọ̀ dá Ìbàdàn dúró, wọn ò lè lé wọn lọ. Ìbàdàn náà wá rí irú ìbọn yẹn díẹ̀ rà. Látòósà kú sí àgọ́ ní 1885. Àwọn tó wá gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà láti àgọ́ dé àgọ́ ni Àlùfáà Samuel Johnson, tí wọ́n bí ní Sàró, àti Àlùfáà Charles Phillips tó wà ní Oǹdó. Ní 23 September 1886 wọ́n kéde àlàáfíà, wọ́n sì tiná bọ àgọ́. Ti Ọ̀fà, níbi tí Ìbàdàn àti Ìlọrin ti dojú kọra, ò parí títí di 1893.

Ní 1894, Ọ̀gágun Bower mú Ògèdèǹgbé, wọ́n sì lé e lọ sí Ìwó. Nígbà tó padà dé, wọ́n fi í joyè Ọbańlá Iléṣà ní 1898. Ó kú ní 1910.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, owó àwọn tó wà lẹ́yìn odi ló ra ìbọn yẹn. Ọmọ tí wọ́n bí sí ẹ̀yìn odi náà sì wà lára àwọn tó bá wọn parí ìjà. Bí wọ́n bá ránṣẹ́ láti ilé pé ìjà ààlà dé, pé kí ẹgbẹ́ dáwó, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bèèrè ohun tí owó náà fẹ́ rà.